Ẹni tó wá wo iṣẹ́ mi, kí ló wá wò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kíláàsì kẹta ni mò ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó sì ti pé ọdún 14 tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Lóṣù tó kọjá, àwọn ìsípẹ́kítọ̀ ya wọ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Èyí tó wọ kíláàsì mi kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ó béèrè nóòtù ìkọ́ni mi, ó rí i pé ti ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì pé, ó fi bíró pupa kọ ọ́ síbẹ̀, ó sì bá mi wí lójú àwọn ọmọ. Kò wo ìwé ọmọ kankan. Kò ní kí ọmọ kankan kàwé sí òun létí. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ yìí ti sú mi. Ṣé wọn ò gbà pé a mọ iṣẹ́ wa ni? Kí ni mo sì lè ṣe nígbà tí wọ́n bá tún dé, tí kò ní dà bí àfojúdi?

Ìdáhùn: Tíṣà mi, ẹ kú ìfaradà. Ọdún 19 ni mo fi kọ́ ọmọ, mo ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n mú mi sáàárín àwọn olùbẹ̀wò, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ̀yìn tì. Bíró pupa tí ẹ ń sọ yẹn, èmi náà ti mú un dání rí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn láìfi nǹkan pa mọ́.

Wọ́n ṣẹ̀ yín. Bí nóòtù olùkọ́ kò bá pé, ó yẹ kí wọ́n bá a sọ ọ́, mi ò ní tan yín lórí ìyẹn. Ohun tó dùn mí nínú lẹ́tà yín ni pé ọkùnrin yẹn wá wo iṣẹ́ yín, ó sì lọ láìrí i. Ara àwọn ọmọ ni iṣẹ́ olùkọ́ wà. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ló máa lọ, kó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kàwé, kó sì wo ohun tí wọ́n kọ.

Àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú wa rántí wolé-wolé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ìmọ́tótó ilé wò. Bí ìròyìn bá ti dé pé wolé-wolé wà ní àdúgbò kejì, àwọn ìyá wa á ti máa sáré da omi inú àmù nù nítorí tanwíjí. Wolé-wolé kì í béèrè bóyá odò jìnnà tàbí ẹ̀rọ omi ti bàjẹ́. Bó bá ti rí tanwíjí, ìwé kóòtù ló kàn. Iṣẹ́ wọn ṣe ìlera ìlú lóore, mi ò bú wọn. Ṣùgbọ́n bí olùbẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ bá ń rìn bíi wolé-wolé, àwọn tó ti da omi nù ló máa bá nílé. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan á pè lórí fóònù pé wọ́n ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́bàá títì. Kíá, gbogbo olùkọ́ á jókòó ti nóòtù, wọ́n á máa kọ ohun tí wọn kò kọ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ á wà láìsí ẹni tó ń kọ́ wọn títí tí ẹni tó wá wò bóyá wọ́n ń kọ́ wọn á fi dé.

Ìbẹ̀rù yìí ti pẹ́. Ní 1882 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ilẹ̀ tó ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Èkó sì wà nínú rẹ̀. Olùbẹ̀wò kan ṣoṣo, Metcalfe Sunter, ni wọ́n fi ṣe olórí àyẹ̀wò Sàró, Gáḿbíà, Gold Coast (Ghana òde òní) àti Èkó. Apá kan nínú owó ìrànwọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ ń gbà so mọ́ bí ọmọ bá ṣe ṣe sí nínú ìdánwò. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kó àṣà yìí wá, níbi tó ti jẹ́ pé láti 1862 ni wọ́n ti ń díwọ̀n owó ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú bí ọmọ bá ṣe yege nínú kíkà, kíkọ àti ìṣirò. Ọmọ tí ẹ̀rù bà tó sì yadi níwájú àlejò lè mú kí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ pàdánù owó. Ní 1889, Henry Carr, ọmọ Èkó tó ti ṣe olùkọ́ ní CMS Grammar School, wọ iṣẹ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí igbákejì olùbẹ̀wò. Olùbẹ̀wò wá di ọmọ wa, ṣùgbọ́n okùn àpò owó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti nóòtù tún yàtọ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní January 17, 1955, iye ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò sókè láàárín ọdún kan, láti nǹkan bíi 457,000 sí nǹkan bíi 811,000. Olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ kò ká a, wọ́n kó àwọn tí kò tíì kọ́ṣẹ́ wọ kíláàsì. Fún irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀, nóòtù tí wọ́n bá kọ ní alẹ́ Sunday ni ọ̀pá tí wọ́n máa fi ara tì ní àárọ̀ Monday, ó sì bọ́gbọ́n mu pé kí olùbẹ̀wò yẹ ọ̀pá náà wò kó tó yẹ ohunkóhun mìíràn wò. Lónìí, NCE ni ìwé ẹ̀rí tó kéré jù tí wọ́n fi ń gba olùkọ́, TRCN sì wà tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ti lo ọdún 14. Ọ̀pá tí wọ́n gé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn ni wọ́n ṣì ń béèrè lọ́wọ́ yín. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dun àwọn olùkọ́ nìyẹn, èmi náà sì rò pé ó tọ́ kó dùn wọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Ilé-ẹ̀kọ́ 38 ló wà lábẹ́ àwa mẹ́ta nígbà tí mo di olùbẹ̀wò. Mọ́tò kan ló wà, epo kì í sì í sábà sí. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù olójú ewé mẹ́rin tí a gbọ́dọ̀ kún ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan: nóòtù, rẹ́jísítà, dáyárì, ìmọ́tótó, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọgbà. Kò sí ìlà kan lórí fọ́ọ̀mù náà tó bi mí pé ọmọ mélòó ló lè kàwé. Bí mo bá lo wákàtí kan ní kíláàsì kan, ilé-ẹ̀kọ́ méjì ni mi ò ní dé lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá mi á sì béèrè. Nóòtù ni ohun tí èèyàn lè yẹ̀ wò tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òun ló fà á tí gbogbo wa fi ń sáré lọ síbẹ̀. Mo ti fi bíró pupa kọ ọ̀rọ̀ sí nóòtù olùkọ́ tó dára jù mí lọ rí, mo sì mọ̀ lọ́jọ́ tí mò ń kọ ọ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ má sì jẹ́ ká parọ́ fún ara wa. Mo ti dé ilé-ẹ̀kọ́ kan ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Friday, kí n bá ọ̀gá nìkan pẹ̀lú kíláàsì mẹ́fà, àwọn olùkọ́ ti lọ ọjà, òmíràn ti lọ síbi òkú. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ kò ní ẹlòmíràn tó máa gbèjà wọn ju olùbẹ̀wò lọ. Olùkọ́ tó bá ní kí wọ́n má yẹ òun wò rárá, mi ò sí lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí mo ti bá sọ̀rọ̀, àgàgà àwọn tó wà ní abúlé, ẹ̀dùn tí mo máa ń gbọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn, ẹni tó bá sì dé, kì í jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tó jókòó fún yín.

Ọdún kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Kíláàsì kẹta ni èmi náà ń kọ́, ọmọ 46. Bàbá olùbẹ̀wò kan tó ti hewú wọlé, ó kí àwọn ọmọ, ó kí mi, ó sì béèrè bóyá òun lè jókòó. Mo ti ṣí nóòtù mi sí ojú ewé tó yẹ, mo nà án sí i. Ó ní kí n gbé e sílẹ̀ ná. Ó lọ sẹ́yìn, ó há ara rẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ lórí bẹ́ǹṣì, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Àyọkúrò ni mò ń kọ́ wọn. Mo ṣe àpẹẹrẹ lójú pátákó, mo ní ṣé ó yé yín, wọ́n ní “Ó yé wa, mà!” bí ẹni ń kọrin. Mo fún wọn ní iṣẹ́ márùn-ún, mo ń rìn káàkiri, inú mi ń dùn.

Nígbà tí wọ́n lu agogo ìsinmi, bàbá pè mí sábẹ́ igi máńgòrò. Ìwé ọmọ mẹ́ta ló mú dání. Ó ṣí ọ̀kan: 42 yọ 17, ọmọ náà kọ 35. Ó ṣí èkejì: 35. Ẹ̀kẹta: 35. Ó ní, “Ìyáàfin, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jókòó pọ̀. Báwo lẹ rò pé wọ́n ṣe débẹ̀?” Mo ní wọn ò fetí sílẹ̀. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo ìwé náà. Mo tún wò ó. Ìgbà náà ni ojú mi là. Bí wọ́n bá ti rí 2 lókè àti 7 nísàlẹ̀, wọ́n á yí i padà, wọ́n á yọ 2 kúrò nínú 7, ó ku 5. Wọ́n á yọ 1 kúrò nínú 4, ó ku 3. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa. Èmi ni mo sọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú pé “kékeré la máa ń yọ kúrò nínú ńlá.”

Ojú tì mí. Bàbá ní, “Kí lẹ máa ṣe lọ́la?” Mo ní màá ní kí wọ́n mú igi ìgbálẹ̀ wá, ká dì í ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tú ìdì kan kó tó yọ. Ó ní ó dáa, òun á padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó sì padà wá. Ó lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ mẹ́ta náà.

Ẹ wò ó, bàbá yìí kò fojú fo nǹkan kan. Àṣìṣe tó rí lọ́wọ́ mi tóbi ju nóòtù tí kò pé lọ. Nóòtù mi pé lọ́jọ́ yẹn, ó pé pérépéré, 35 sì wà nínú ìwé àwọn ọmọ. Ohun tí mo ń pè ní ìfọkàntán nìyẹn: ó gbà pé bí mo bá fojú ara mi rí i, mo máa mọ ohun tí màá ṣe sí i. Mo ti kọ́ ohun púpọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ igi máńgòrò yẹn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ka àṣìṣe ọmọ.

Ẹ ó ní bóyá ilẹ̀ wa nìkan ni nǹkan ti rí báyìí. Rárá o. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ni ní London á sọ ti Ofsted fún yín, àjọ tó ń yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n máa ń fi ṣe àkópọ̀ gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, láti orí èyí tó ta yọ dé orí èyí tí kò kúnjú òṣùwọ̀n. Ní January 2023, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú Reading gbẹ̀mí ara rẹ̀ lẹ́yìn àyẹ̀wò tó fẹ́ já ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ bọ́ láti òkè pátápátá sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ní December ọdún náà, ẹni tí òfin yàn láti ṣèwádìí ikú sọ pé àyẹ̀wò náà wà lára ohun tó fà á. Ní September 2024, wọ́n pa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn tì. Kó tó dìgbà náà, láti 2014, Ofsted ti ṣíwọ́ fífún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí olùbẹ̀wò bá jókòó wò ní máàkì, nítorí ohun tí ẹni kan rí nínú ìdajì wákàtí kò tó gbé ìdájọ́ lé.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Láàárín 2009 sí 2012, pẹ̀lú owó Gates Foundation, wọ́n lo nǹkan bíi 3,000 olùkọ́ fún ìwádìí, wọ́n ní kí oríṣiríṣi èèyàn wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Ohun tí wọ́n rí ni pé ojú ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò ṣeé gbára lé. Bí ẹlòmíràn bá tún wò ó, ó sàn ju kí ẹni àkọ́kọ́ padà wá lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo máa padà síbẹ̀.

Ẹ béèrè bóyá wọn ò fọkàn tán wa. Mo rò pé àìfọkàntán náà ń lọ síwá sẹ́yìn: àwa náà kò fọkàn tán wọn, a sì nídìí. Ní 2012, ìjọba Èkìtì fẹ́ ṣe ìdánwò fún olùkọ́, wọ́n ní kí àwọn lè mọ ibi tí olùkọ́ ti nílò ìrànwọ́ ni. NUT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, kọ̀, àwọn olùkọ́ kò jókòó fún un. Àwọn èèyàn bú wọn ní ọ̀lẹ. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, Kàdúná ṣe tirẹ̀: nínú nǹkan bíi 33,000 olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìjọba ní 21,780 kò yege, ó sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Olùkọ́ tó gbọ́ ìyẹn, ta ló máa ṣí àléébù rẹ̀ sílẹ̀ fún olùbẹ̀wò? Kwárà ti ṣe irú ìdánwò yìí ní 2008, olùkọ́ tó lé ní 19,000 ló ṣe é, èsì rẹ̀ sì burú gan-an. Ọ̀nà tí wọ́n gbà lẹ́yìn èsì ló yàtọ̀: wọ́n ṣe ìlànà ìkọ́ni ojoojúmọ́ fún àwọn olùkọ́, wọ́n sì yan àwọn èèyàn tó ń lọ sí kíláàsì láti tì wọ́n lẹ́yìn. Bí mo bá jẹ́ gómìnà, ti Kwárà ni màá tẹ̀ lé.

Ó wá ku ohun tí ẹ̀yin máa ṣe.

Ẹ parí nóòtù yín. Ẹ kọ ọ́ ní ṣókí bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n kó wà nílẹ̀, kó má di ohun tí wọ́n máa fi bo iṣẹ́ gidi yín mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ìwé kékeré kan. Lẹ́ẹ̀kan ní táàmù, ẹ pe ọmọ kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, kó ka ìpínrọ̀ kan ní Yorùbá àti ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì fún yín. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ ibi tó ti kọsẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì-méjì ni, ọ̀sẹ̀ kan á tó fún kíláàsì yín. Bí olùbẹ̀wò bá dé, ẹ fún un ní nóòtù tó béèrè, kí ẹ sì fi ìwé kékeré yìí lé e lórí. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ fẹ́ ìrànwọ́: “Ẹ káàbọ̀, sà. Àwọn ọmọ mẹ́rin tó wà lẹ́bàá fèrèsé yẹn ń fún mi ní wàhálà nínú kíkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀kan nínú wọn.” Àfojúdi kò sí níbẹ̀, abèèrè kì í ṣìnà, àgbà tí wọ́n bá sì bẹ̀ pé kó ranni lọ́wọ́, ó máa ń ṣòro fún un láti kọ̀. Mo ti rí olùbẹ̀wò tó ń kánjú jáde tó padà jókòó nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà wà lára wọn.

Bó bá sì tún bá yín wí lójú àwọn ọmọ, ẹ má fèsì níbẹ̀. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín, kí ẹ jọ lọ bá a ní ọ́fíìsì kó tó wọ mọ́tò. Ẹ kí i bí ẹ ṣe ń kí àgbà, kí ẹ wá sọ pé: “Mo gba ohun tí ẹ sọ, sà. Ẹ dákun, nígbà mìíràn ẹ bá mi sọ ọ́ níbí, nítorí bí ẹ bá ti lọ, ó máa ń ṣòro kí àwọn ọmọ tó gbọ́ tèmi.” Ọ̀gá yín sì lè kọ èsì ilé-ẹ̀kọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìbẹ̀wò, ní ohùn pẹ̀lẹ́, ní ìlà mẹ́ta péré: ohun tí olùbẹ̀wò sọ, ohun tí a ti ṣe sí i, àti ohun tí a fẹ́ kó wá wò nígbà tó bá padà wá.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ má dúró de olùbẹ̀wò. Ní Jàpáánù, àwọn olùkọ́ ti ń ṣe é tipẹ́: wọ́n á jọ gbé ẹ̀kọ́ kan kalẹ̀, ọ̀kan á kọ́ ọ, àwọn yòókù á jókòó wo àwọn ọmọ, lẹ́yìn náà wọ́n á jọ sọ ohun tí wọ́n rí. Ojú kejì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, kò sì ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Ẹ bá olùkọ́ kíláàsì kejì sọ̀rọ̀. Kí ọ̀gá yín da kíláàsì rẹ̀ pọ̀ mọ́ òmíràn fún ìdajì wákàtí, kó wá jókòó sẹ́yìn lọ́dọ̀ yín. Ẹ sọ fún un kó má wo ẹ̀yin rárá. Ọmọ mẹ́ta péré ni kó máa wò, kó kọ ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ẹ̀yin náà lọ jókòó lọ́dọ̀ tirẹ̀.

Ẹ fi 42 yọ 17 bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí 35, ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ sọ ohun tí ọmọ náà ní òun rò.